Kí ló dé táwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà fi ń jó sórin tó ń bá wọn wí?

Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2025, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ń ṣayẹyẹ 250 ọdún, táǹkì ń yí gbirigbiri lójú títì ní Washington, ẹ̀lìkọ́pítà ń fò lókè, Ààrẹ Donald Trump tó pé ọmọ ọdún 79 lọ́jọ́ yẹn gan-an jókòó ó ń wò wọ́n. Àfi bí wọ́n ṣe gbé orin "Fortunate Son" (ọmọ olóríire) sí i. Kíá ni fídíò ẹ̀ ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bínú, àwọn tó kù ń béèrè pé kí ló tiẹ̀ burú níbẹ̀, ṣebí orin sójà ni, ṣebí fíìmù ogun Vietnam làwọn ti máa ń gbọ́ ọ.

Orin sójà kọ́ o. Orin ẹni tó ń bínú sí bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ tálákà lọ sógun ni. Kì í sì í ṣe òun nìkan, ó ti lé lógójì ọdún tírú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ìdìbò bá ti ń bọ̀ báyìí olórin kan á pariwo pé ẹ yé lo orin mi, àwọn èèyàn á gbè é, àwọn mìíràn á ní kó lọ jókòó, ìjà á bẹ́ lórí ayélujára, ìdí ọ̀rọ̀ gan-an ò sì ní yé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jà. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ni "Fortunate Son" ń sọ gan-an?

Ẹgbẹ́ olórin Creedence Clearwater Revival láti California ló gbé e jáde ní 1969, John Fogerty ló kọ ọ́, òun náà ló lé e. Ogun Vietnam ń gbóná nígbà yẹn, túláàsì sì ni wọ́n fi ń mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ iṣẹ́ sójà, nǹkan tí wọ́n ń pè ní draft. Lórí ìwé, kò sí ọmọkùnrin tó bá ti pé ọdún 18 tí kò kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà yẹ̀ ẹ́: ẹni tó bá wà ní yunifásítì á gba ìwé pé kí wọ́n dá tòun dúró ná, ẹni tí dókítà bá kọ̀wé fún pé ara ẹ̀ ò pé á bọ́, ẹni tí bàbá ẹ̀ bá mọ èèyàn ńláńlá á ráyè wọ National Guard, ẹgbẹ́ ológun ìpínlẹ̀ tí wọn kì í sábà kó lọ sí Vietnam. Báwo lọmọ òṣìṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní fáktìrì láti ọdún 17 á ṣe rí ìwé bẹ́ẹ̀ gbà? Òun ni wọ́n ń kó lọ.

Fogerty mọ ohun tó ń sọ. Ní 1966 ni wọ́n pe òun náà, ó sì wọ Army Reserve. Ó ti ṣàlàyé lọ́pọ̀ ìgbà pé ohun tó ta òun lára ni ìgbéyàwó David Eisenhower, ọmọ ọmọ Ààrẹ Eisenhower, pẹ̀lú Julie ọmọ Richard Nixon, tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá 1968, tóun ń wò wọ́n tóun ń rò ó pé irú àwọn wọ̀nyí, ogun yìí ò ní kan ilé wọn. Ká má purọ́ mọ́ ọmọkùnrin náà o, David padà wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní 1970. Ṣùgbọ́n orin ti jáde, kò sì dárúkọ ẹnì kankan. Ẹni tó ń kọ ọ́ kàn ń sọ pé òun kì í ṣe ọmọ sẹ́nétọ̀, òun kì í ṣe ọmọ mílíọ́nià, àwọn tí wọ́n bí sínú ọlá ni wọ́n ń fi àsíá júwe, àwọn mìíràn ló ń kú.

Ibi tí Trump ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ọmọ olówó ilé ni, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n dá tiẹ̀ dúró nígbà ogun Vietnam, mẹ́rin nítorí ilé ìwé, ẹ̀ẹ̀kan nítorí egungun tó hù ní gìgísẹ̀. Nígbà tí wọ́n lo orin náà níbi ìpolongo ìbò ẹ̀ ní 2020, Fogerty ṣe fídíò, ó ní ọ̀rọ̀ náà rú òun lójú, nítorí ó jọ pé Trump gan-an ni ọmọ olóríire tí orin náà ń bá wí. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ló kọ lẹ́tà lọ́yà ránṣẹ́ pé kí wọ́n jáwọ́.

Ṣé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀?

Rárá. Èyí tí gbogbo èèyàn fi ń ṣàpẹẹrẹ ni ti olórin Bruce Springsteen àti Ààrẹ Ronald Reagan ní 1984. "Born in the U.S.A." jáde ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, kódà bí ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀: ìlù ń dún gbàgà-gbàgà bí ẹni ń kànlẹ̀kùn, dùùrù oníná ń pe gbólóhùn kan náà láìdákẹ́, ọkùnrin kan wá ń figbe ta pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí òun.

Ìyẹn ègbè ẹ̀. Ìtàn inú lílé ẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ìlú kékeré kan tó bọ́ sínú wàhálà, wọ́n ki ìbọn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kó lọ pa àwọn ará Vietnam. Ó padà dé, ilé ìfọpo ò gbà á síṣẹ́, ọ́fíìsì tó yẹ kó tọ́jú àwọn sójà tó ti ogun dé ò rí nǹkan ṣe sí i. Arákùnrin ẹ̀ bọ́gun lọ ní Khe Sanh. Ọdún mẹ́wàá kọjá, kò rí ibì kankan forí lé.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé George Will, tó sún mọ́ Reagan dáadáa, lọ wo eré Springsteen, ó sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn pé ọkùnrin yìí kì í kùn, ìgbéga ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń kọ lórin. Kò pẹ́ rárá, lọ́jọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, Reagan dé Hammonton ní New Jersey tí í ṣe ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí Springsteen, ó ní ìrètí wà nínú orin ọmọ yín tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Ọjọ́ díẹ̀ sígbà náà Springsteen wà lórí pèpéle ní Pittsburgh, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ irin tí iléeṣẹ́ ń tì pa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ń rò ó pé rẹ́kọ́ọ̀dù òun wo ni Ààrẹ fẹ́ràn jù, ó dájú pé kì í ṣe Nebraska, rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ tó kún fún ìtàn ìbànújẹ́. Ló bá kọ "Johnny 99", orin ọkùnrin kan tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó wá pààyàn.

Reagan wọlé ní ìpínlẹ̀ 49 nínú 50.

Báwo lèèyàn á ṣe gbọ́ orin kan tó báyìí kó má mọ ohun tó ń sọ?

Àwa Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un, lílé àti ègbè. Ẹni tó ń lé orin ló ń ro ẹjọ́, àwọn tó ń gbè é, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń dá padà. Ẹni tó pẹ́ kó tó dé òde, ègbè ló máa kọ́kọ́ mọ̀, á ti máa jó, kò tíì mọ ẹni tí wọ́n ń kọrin náà sí. Nínú pápá ìṣeré tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn ti ń pariwo, ta ni yóò gbọ́ lílé?

Wàá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin tó ń dá ìjà sílẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ wọ́n. Lílé ń sunkún, ègbè ń yọ̀. "Rockin' in the Free World" ti Neil Young, 1989, ìyá tó gbé ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ àti àwọn tí kò rílé gbé ló kún inú ẹ̀, ṣùgbọ́n ègbè ẹ̀ ń pariwo ayé òmìnira, òun sì ni wọ́n ń lù lọ́jọ́ 16 oṣù kẹfà 2015 nígbà tí Trump gba orí àtẹ̀gùn oníná sọ̀ kalẹ̀ wá kéde pé òun fẹ́ di ààrẹ.

Nígbà míì, èèyàn ló ń mọ̀ọ́mọ̀ gé e. Ní nǹkan bí ọdún 2000 sí 2002, wọ́n fi "Fortunate Son" polówó ṣòkòtò jíìnsì Wrangler lórí tẹlifíṣàn. Ibi tó sọ̀rọ̀ àsíá àti àwọ̀ ẹ̀ nìkan ni wọ́n mú, kí ọ̀rọ̀ tó kọjú sáwọn ọlọ́lá ni wọ́n ti já a, tí ẹ bá gbọ́ ọ ẹ máa rò pé orin ìfẹ́ ilẹ̀ baba ni. Ó dun Fogerty gan-an, ó sì sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n orin ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, a máa débẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n gé orin tí wọ́n ń kọ nílé ìwé?

"This Land Is Your Land" ni wọ́n ń sọ, ìdáhùn sì ni bẹ́ẹ̀ ni. Woody Guthrie, ọmọ Okemah ní Oklahoma, tó ti bá àwọn tí ìjì eruku lé kúrò lóko rìn káàkiri, dé New York ní ìbẹ̀rẹ̀ 1940. Orin "God Bless America" ni rédíò ń kọ ní gbogbo ìgbà yẹn, Kate Smith ló kọ ọ́ di olókìkí, ó sú Guthrie, kò rí ìbùkún náà lójú ọ̀nà tóun gbà. Ọjọ́ 23 oṣù kejì 1940, ó jókòó sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Hanover House, ó kọ èsì. Ìwé náà ṣì wà, èèyàn lè rí i níbi tó ti kọ́kọ́ kọ ègbè ẹ̀ pé Ọlọ́run bù kún Amẹ́ríkà fún mi, tó wá fi kálámù fa ìlà sí i, tó fi ti ilẹ̀ tí wọ́n dá fún èmi àti ìwọ rọ́pò. Nísàlẹ̀ ìwé ló kọ ọ́ sí pé ohun tójú èèyàn bá rí nìkan lèèyàn lè kọ sílẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú.

Ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tó rí pátákó tó ní ilẹ̀ onílẹ̀ rèé ẹ má wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátákó ò ní àkọlé kankan. Ẹsẹ mìíràn, ó rí àwọn èèyàn ẹ̀ tí ebi ń pa lórí ìlà níwájú ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń fún aláìní ní nǹkan, ó wá béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n dá ilẹ̀ yìí fún gbogbo wa. Àwọn ẹsẹ yẹn ò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tó jáde ní 1951, wọn ò sì sí nínú ìwé orin tí wọ́n kó fáwọn ọmọ ilé ìwé. Arlo ọmọ ẹ̀ ní bàbá òun fúnra ẹ̀ ló kọ́ òun ní àwọn ẹsẹ náà nígbà tóun wà ní kékeré, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun ò bá kọ́ ọ, wọ́n máa gbàgbé.

Wọn ò gbàgbé ṣá. Lọ́jọ́ 18 oṣù kìíní 2009, ọjọ́ méjì kí wọ́n tó búra fún Obama, olórin Pete Seeger tó jẹ́ ẹni ọdún 89 dúró pẹ̀lú Springsteen níwájú ère Lincoln, ó ń ka ọ̀rọ̀ orin síwájú fáwọn èrò kí wọ́n lè gbè é, gbogbo ẹsẹ ló sì kà. Seeger yìí kan náà ni ìgbìmọ̀ aṣòfin pè ní 1955 pé kó wá sọ bóyá kọ́múnísìtì ni, tó kọ̀ tí kò dáhùn, tí wọ́n dá a lẹ́bi ní 1961 kí kóòtù tó ga jùyẹn lọ tó fagi lé e ní 1962. Ṣùgbọ́n orin náà ní àwọn tó ń bá a jà láti apá mìíràn o: àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ń béèrè pé ilẹ̀ ta lẹ ń pín láàárín èmi àti ìwọ?

Ṣé gbogbo ìgbà ni inú máa ń bí wọn tí ìjọba bá gba orin wọn lò?

Rárá o, ti "We Shall Overcome" (a ó borí) yàtọ̀. Ní oṣù kẹwàá 1945, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ sìgá ní Charleston ní South Carolina daṣẹ́ sílẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, nǹkan bí oṣù márùn-ún ni wọ́n fi dúró lójú ọ̀nà nínú òtútù. Wọ́n mú orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n ń kọ ọ́ nírọ̀lẹ́ kí oníkálukú tó relé, Lucille Simmons ló máa ń lé e, ó máa ń fa ohùn gan-an, ó sì sọ "èmi" inú orin di "àwa". Díẹ̀ nínú wọn gbé e lọ sí Highlander, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Tennessee. Zilphia Horton kọ́ ọ níbẹ̀, ó kọ́ Seeger, Guy Carawan wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó dá SNCC, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní Raleigh ní oṣù kẹrin 1960. Lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ìwọ́de ló ń kọ ọ́.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹta 1965 ni ọlọ́pàá lu àwọn tó ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ ìbò lórí afárá ní Selma. Ọjọ́ kẹjọ ẹ̀, Ààrẹ Lyndon Johnson, ọmọ Texas, dúró níwájú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ó gbé ọ̀rọ̀ orin náà sẹ́nu láìkọ ọ́, ó sọ ọ́ ní gbólóhùn. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ Martin Luther King lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní omijé bọ́ lójú ẹ̀. James Forman tó wà lára àwọn olórí SNCC ní tòun, ó ní Johnson ba orin dáadáa jẹ́ ni. Èèyàn méjì nínú ìjà kan náà, gbólóhùn kan náà ni wọ́n gbọ́. Ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Johnson buwọ́ lu òfin ẹ̀tọ́ ìbò, ohun tó sì ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ nìyẹn lójú èmi, pé ẹni tó yá orin lò ṣe ohun tí orin ń béèrè.

Kí lòfin sọ, ta ló lórin?

Ibí ló ti máa ń dàrú. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin kan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ni ti orin tí wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ àti ohùn ẹ̀. Èkejì ni ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Tí wọ́n bá lu orin ní gbọ̀ngàn tàbí pápá ìṣeré, ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń sanwó lé, ẹni tó kan kọ ọ́ lẹ́nu láìjẹ́ pé òun ló kọ ọ́ sílẹ̀ ò ní rí kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ bí ASCAP, tó ti wà láti 1914, àti BMI ló ń gbowó náà fáwọn akọrinsílẹ̀. Wọ́n máa ń ta láísẹ́ńsì kan ṣoṣo tó kó àìmọye orin pọ̀ fún onígbọ̀ngàn, tó bá ti sanwó ọdún, ohun tó bá wù ú ni kó lù. Olóṣèlú tó bá háyà gbọ̀ngàn náà á ní òun ti bọ́ sábẹ́ láísẹ́ńsì ẹ̀. Nígbà tí wàhálà pọ̀, àwọn ẹgbẹ́ yìí ṣe láísẹ́ńsì ọ̀tọ̀ fáwọn tó ń polongo ìbò, tí akọrinsílẹ̀ lè torí ẹ̀ sọ pé ẹ yọ tèmi kúrò.

Fídíò ní tiẹ̀ yàtọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ so orin mọ́ àwòrán, ẹ gbọ́dọ̀ lọ bá ẹni tó ni ín lójúkojú. Òun ló mú Eddy Grant jàre. Ọmọ Guyana tó dàgbà sí London ni, "Electric Avenue" ẹ̀ tó jáde ní 1982 sì ti inú rògbòdìyàn Brixton ní London ọdún 1981 wá, orin ìfẹ̀hónúhàn ni òun náà. Àwọn ará wa ní London mọ Electric Avenue, ọjà ni. Ní oṣù kẹjọ 2020 Trump gbé fídíò àwòrán kan sórí Twitter láti fi Joe Biden ṣe yẹ̀yẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40 orin náà ló wà nínú ẹ̀. Grant pe ẹjọ́, àwọn lọ́yà Trump ní ẹ̀fẹ̀ ni, òfin gbà wọ́n láyè, adájọ́ ní New York ò gbà fún wọn, ní oṣù kẹsàn-án 2024 ó dá Grant láre. Oṣù yẹn kan náà ni adájọ́ kan ní Atlanta ní kí wọ́n má lu "Hold On, I'm Comin'" ti Isaac Hayes níbi ìpolongo Trump mọ́, BMI sì ti yọ ọ́ kúrò nínú láísẹ́ńsì wọn. Neil Young náà pe ẹjọ́ ní 2020, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ fà á sẹ́yìn ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà.

Ẹ kíyè sí i, kò sí ibi kankan nínú gbogbo ẹjọ́ yìí tí adájọ́ ti sọ pé ẹ ṣi orin náà túmọ̀. Owó àti ìyọ̀ǹda lòfin ń bójú tó, ìtumọ̀ ò sí nínú ìwé ẹ̀.

Àwọn tó ń lo àwọn orin yìí ńkọ́, kí làwíjàre wọn?

Wọ́n ní tiwọn, kò sì yẹ ká fò ó. Àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn sanwó, ẹni tó bá ta ọjà ò lè yan ẹni tó máa jẹ ẹ́. Èkejì ló lágbára jù: àwọn sójà tó ti Vietnam dé, púpọ̀ nínú wọn ló sọ "Fortunate Son" di tiwọn, orin tí wọ́n gbọ́ nínú igbó lọ́hùn-ún ni, wọn ò sì gbà pé ẹnikẹ́ni lè sọ fún wọn pé kì í ṣe orin ológun. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dìbò fún Trump ní ìlú táwọn iléeṣẹ́ ti kógbá wọlé ka ara wọn sí ẹni tí orin náà ń gbèjà, wọ́n ní àwọn làwọn kì í ṣe ọmọ sẹ́nétọ̀, ohun yòówù tí Trump ì báà jẹ́.

Àwọn tó ń ta kò wọ́n ní orin tó bá ti ń dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ èèyàn, tí onítọ̀hún wá ń jó sí i, ṣe ló ń pa ẹnu ẹni tó kọ ọ́ mọ́. Springsteen fúnra ẹ̀ ò fi gbogbo ara wà níbì kan. Nínú ìwé tó kọ nípa ayé ẹ̀, ó gbà pé wọ́n ṣi orin òun gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ kó ìbànújẹ́ sínú ẹsẹ, òun kó ìgbéraga sínú ègbè ni, pé èèyàn lè fẹ́ràn ilẹ̀ ẹ̀ kó sì bá a wí lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀ ní àárín ọdún 1990 sí 2000, tó ń dá rìn kiri pẹ̀lú gìtá ẹ̀, ó máa ń kọ orin náà láìsí ìlù, láìsí dùùrù, tó fi jẹ́ pé lílé nìkan lèèyàn á gbọ́.

Fogerty ò wá lè dá wọn dúró ni?

Nígbà tó kọ lẹ́tà yẹn ní 2020, kì í ṣe òun ló ni "Fortunate Son". Ìwé àdéhùn tó buwọ́ lù nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ti gbé gbogbo orin Creedence fún iléeṣẹ́ Fantasy, Saul Zaentz tó ni iléeṣẹ́ náà sì bá a ṣẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà ó pè é lẹ́jọ́ rí pé orin tuntun tó kọ jọ orin àtijọ́ tóun fúnra ẹ̀ kọ. Fogerty gbé gìtá ẹ̀ lọ sí kóòtù lọ fi hàn wọ́n bó ṣe ń kọrin, ó sì jàre. Títí ọ̀rọ̀ fi di ti owó ìpolówó jíìnsì, kò ní àṣẹ lórí ẹ̀.

Oṣù kìíní 2023 ló tó ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀tọ́ náà padà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún sígbà tó kọ ọ́. Ó pé ẹni 80 ọdún lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún 2025. Ọjọ́ kẹtàdínlógún sí i ni táǹkì ń yí ní Washington tí orin ẹ̀ ń dún. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ó gbé àwọn orin Creedence tóun àtàwọn ọmọ ẹ̀ tún kọ jáde, "Fortunate Son" wà níbẹ̀, lílé àti ègbè ẹ̀ pé.